Ẹ Wọn Omi Kí Ẹ Tó Pín Ilẹ̀ Fún Ilé-iṣẹ́

Bí ìjọba bá fẹ́ dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n á la ọ̀nà, wọ́n á fa iná, wọ́n á pe oníròyìn. Ọ̀rọ̀ omi di ẹ̀yìn. Ohun tí àwa ń fẹ́ ni pé kí wọ́n má ṣe buwọ́ lu àdéhùn ilé-iṣẹ́ kankan mọ́, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi han aráàlú odò tí omi yóò ti wá, bí omi náà ṣe máa ń kù sí lọ́dún ọ̀dá, àti àwọn tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún ọ̀dá yìí ṣe pàtàkì o. Lọ́dún 1922, àwọn ìpínlẹ̀ méje ní Amẹ́ríkà pín omi odò Colorado láàárín ara wọn. Àwọn ọdún tí òjò pọ̀ lápọ̀jù ni wọ́n sì fi díwọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi orí ìwé ṣe pọ̀ ju omi inú odò lọ. Wọ́n tẹ ìlú dó lé omi orí ìwé yìí, wọ́n dá oko lé e. Lónìí, odò náà kì í sábà dé òkun mọ́, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ń bá ara wọn fà á, ta ni yóò dín tirẹ̀ kù. Òjò kò kúkú bá wọn buwọ́ lùwé.

Bí omi kò bá tó, ìsédò (dam) tuntun ni àwọn olóṣèlú máa ń tètè dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìsédò tuntun bọ́ páìpù jíjò, agbọ̀n ló fi ń pọnmi. Ní Phnom Penh, olú-ìlú Cambodia, nínú 100 lítà omi tí wọ́n ń pèsè lọ́dún 1993, nǹkan bíi 72 ni kò mówó wọlé: òmíràn ń jò dànù, wọ́n ń jí òmíràn. Wọ́n pààrọ̀ páìpù, wọ́n fi mítà sílé oníbàárà, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀gá ìjọba àti ológun náà máa sanwó. Owó ìrànwọ́ wọlé láti òkèèrè lóòótọ́, àmọ́ owó nìkan kọ́ ló mú ọ̀gágun sanwó omi. Kó tó pé ogún ọdún, ìpàdánù ti já wá sí nǹkan bíi 6, omi sì ń yọ tọ̀sán-tòru.

Wọ́n á ní irú òfin yìí yóò lé olùdókòwò sá. Ta ni yóò kó owó ńlá sílé-iṣẹ́ tí omi lè tán níbẹ̀? Nígbà tí ọ̀dá mú Cape Town ní South Africa, ìjọba ìlú pàṣẹ ní oṣù Kejì ọdún 2018 pé kí ẹnì kan má lò ju 50 lítà lóòjọ́. Wọ́n dín omi àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà kù, òṣìṣẹ́ oko sì pàdánù iṣẹ́.

Kí àwọn aṣòfin dá àdéhùn ilé-iṣẹ́ tí kò ní ìṣirò omi nínú padà. Bí ìjọba bá sì gbé ètò ìsúná dé, owó àtúnṣe páìpù ni kí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ béèrè.