Ìfẹ́ inú géèmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́tìnì títẹ̀ lásán

Ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ kan tí a ṣe ní Kàbà láìpẹ́ yìí, bàbá kan tí a pè láti bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìgbéyàwó tún sọ ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní kò sí ohun tí ó ń jẹ́ ìtàn ìfẹ́ nínú géèmù; pé bí obìnrin bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tí ń gbá a kàn ń kó ẹ̀bùn fún un ni, ó sì ń tẹ bọ́tìnì títí obìnrin náà yóò fi gbà; àti pé ọ̀dọ́ tí ó bá fi irú eré bẹ́ẹ̀ dàgbà kò ní mọ bí a ṣe ń fẹ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, n kò sì lè dìde takò wọ́n lójú àwùjọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò parí ẹyọ géèmù kan rí. Mo ti gbọ́ ọ ní Ìsánlú lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi tí àwọn fúnra wọn ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ di alẹ́.

Mo mọ ibi tí ó ti wá. Bọ́ọ̀lù àti ìjà ni wọ́n ń gbá ní àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù tí ó wà lágbègbè wa, nítorí pé iye àkókò tí ènìyàn bá lò ni yóò sanwó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò jókòó ti ìtàn tí ó lè gba ogójì wákàtí nígbà tí àwọn mìíràn ń dúró de pádì tí a fi ń gbá a lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọjú wo irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, tí ó sì pinnu pé òun ti mọ gbogbo ohun tí géèmù jẹ́, kò ní ẹ̀rí tí a lè gbé yẹ̀ wò. Irú èyí tí mo ń sọ ni èyí tí a mọ̀ sí RPG, nínú èyí tí ẹni tí ń gbá a yóò di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn, tí yóò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rin ìrìn àjò gígùn, tí wọn yóò jọ jà, tí wọn yóò jọ sinmi, tí yóò sì mọ olúkúlùkù wọn bí a ṣe ń mọ ẹni tí a bá jọ gbé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan kí n sì tú u palẹ̀. Final Fantasy X jáde ní ọdún 2001 fún ẹ̀rọ géèmù PlayStation 2, ilé-iṣẹ́ Square ti Jàpáánì ni ó sì ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Tidus ni a óò máa darí nínú rẹ̀. Ó bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò mọ̀, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ Yuna, ọmọbìnrin tí ó ń lọ láti tẹ́ḿpìlì kan sí èkejì kí ó lè gba agbára tí yóò fi ṣẹ́gun Sin, ẹ̀dá abàmì ńlá tí ń pa ìlú run. Bàbá Yuna náà ti ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni Tidus ń fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń sọ ṣáá nípa ohun tí gbogbo wọn yóò jọ ṣe nígbà tí iṣẹ́ náà bá parí. Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù á dákẹ́. Ìtàn ti jìnnà kí Tidus tó gbọ́ lẹ́nu Rikku, ọmọ arákùnrin màmá Yuna, pé ẹni tí ó bá gba ọ̀nà tí Yuna fẹ́ gbà ṣẹ́gun Sin yóò kú, pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe kú, àti pé gbogbo wọn ni ó mọ̀ àfi òun nìkan. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìrètí tí ó ti sọ sí ọmọbìnrin náà létí wá di ohun tí ó ń gún un lọ́kàn.

Àwọn ènìyàn ti fi ibì kan nínú géèmù yìí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìlú Luca, kí àṣírí náà tó tú, Tidus àti Yuna dúró, wọ́n sì fi agbára rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ó le, tí kò dùn ún gbọ́. Wọ́n ní àwọn òṣèré tí ó fi ohùn wọn sọ ọ̀rọ̀ náà kò mọ iṣẹ́. Ẹ̀rín àfipáṣe ni ó yẹ kí ó jẹ́! Yuna sọ níbẹ̀ pé òun fẹ́ kí ìrìn àjò òun kún fún ẹ̀rín, ó sì ń fi ara rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí inú kò dùn. Ẹni tí ó bá padà wo ibẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà fi ń rìn lọ sí ibi ikú rẹ̀, tí ó sì tún lè ní ìtàn ìfẹ́ kò sí níbẹ̀, n kò mọ ohun tí ó ń wá.

Kò tán síbẹ̀. Kí wọ́n tó dé òpin ìrìn náà, Tidus náà mọ̀ pé òun kì í ṣe ènìyàn bí àwọn tó kù, pé àlá àwọn ẹ̀mí kan tí wọn kò tíì sinmi ni òun, àti pé bí Sin bá parun pátápátá, òun náà yóò pòórá. Kò sọ fún Yuna. Ní apá àkọ́kọ́, Yuna ni ó fi ikú tirẹ̀ pamọ́ fún Tidus; ní apá ìkẹyìn, Tidus ni ó fi tirẹ̀ pamọ́ fún Yuna, nítorí ìdí kan náà gan-an, pé kí èkejì má baà dáwọ́ iṣẹ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe dúró. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá hàn, Yuna sáré lọ dì mọ́ ọn, ara ọmọkùnrin náà kò sì gbà á dúró mọ́, ó gba àárín rẹ̀ kọjá ó sì ṣubú lulẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn kan tí ẹnikẹ́ni rà fún ẹnikẹ́ni kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ó tún yà á sọ́tọ̀ sí ìtàn inú fíìmù wà lọ́wọ́ ẹni tí ń gbá a. Yuna ni ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sàn lójú ogun. Wákàtí lórí wákàtí, nígbà tí ọ̀tá bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá tán, òun ni a óò yíjú sí. Lẹ́yìn náà ni ìtàn yọ ọ́ kúrò láàárín wa: a bá ara wa ní aṣálẹ̀ Bikanel láìmọ ibi tí ó wà, oògùn inú àpò nìkan ni a sì ní láti fi wo ọgbẹ́. Kò sí ẹ̀dá ìtàn tí ó ní láti wá sọ fún mi pé àárò Yuna ń sọ Tidus. Àtàǹpàkò mi ti ń wá orúkọ rẹ̀ níbi tí ó máa ń wà, kò sì sí níbẹ̀. Kí àwọn tí ó ní bọ́tìnì lásán ni wá ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ilé ìbátan mi kan ní Kàbà ni mo ti parí rẹ̀, lásìkò ọyẹ́, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí ń hó lẹ́yìn fèrèsé. Àwọn ọmọkùnrin tí ó wà nínú yàrá náà wá dúró de bọ́ọ̀lù ni, wọn kò sì mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó parí, iyàn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: àwọn kan ní Tidus ṣe ìkà tí kò sọ fún un, àwọn kan ní bí ó bá sọ ọ́, ọmọbìnrin náà kò ní lè ja ìjà ìkẹyìn. Wọ́n ja iyàn náà títí a fi pa jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní géèmù ti pa ọkàn wọn nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó ni bàbá náà ń bá wa sọ, Dragon Quest V ni ì bá yẹ kí a sọ fún wọn. Ilé-iṣẹ́ Enix gbé e jáde ní Jàpáánì ní ọdún 1992, nítorí náà ó dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà lọ, ó sì ti wà lórí fóònù, níbi tí mo ti gbá tèmi. Ọmọ kékeré ni a jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, tí àwa àti Bianca, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ bàbá wa, jọ yọ́ jáde lóru láti lé iwin kúrò nínú ààfin àtijọ́ kan, kí àwọn ọmọ tí ń fìyà jẹ ọmọ ẹranko kan lè fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni bàbá wa kú lójú wa, tí wọ́n sì fi wá ṣe ẹrú fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí a tún rí Bianca, ó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ní abúlé orí òkè kan, ọlọ́rọ̀ kan sì ti ń wá ọkọ fún Nera, ọmọ tirẹ̀. Bianca bá wa lọ wá òrùka tí a nílò kí a tó lè fẹ́ obìnrin mìíràn. Ní òru tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a óò yan ìyàwó láàárín àwọn méjèèjì, a bá Bianca tí kò tíì sùn. (Àwọn ẹ̀dà kan tí ó jáde lẹ́yìn náà fi obìnrin kẹta kún un, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín sí mẹ́ta.)

Ọjọ́ ìgbéyàwó, níbi tí ìtàn mìíràn ti máa ń parí, ni èyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára. Ìyàwó yóò bá wa rin ìrìn náà, yóò lóyún, yóò bí ìbejì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, wọn yóò sì jí i gbé. Nígbà tí a rí i ni wọ́n sọ tọkọtaya di òkúta. Ọdún mẹ́jọ ni ọkọ fi dúró bí ère nínú ọgbà onílé kan, tí ó ń wo bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń dàgbà níwájú rẹ̀, títí àwọn ọmọ tirẹ̀ fi dàgbà tó láti wá tú u sílẹ̀. Ìyá mi, tí wọn kò fọwọ́ kan pádì rí, ni mo máa ń sọ ìtàn yìí fún bí a ṣe ń bó ẹ̀gúsí nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní Bianca ni kí n fẹ́, inú wọn kò sì dùn sí bí mo ṣe ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọrọ̀ bàbá Nera. Nígbà tí mo dé ibi òkúta, ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni pé ta ni ó ń tọ́ àwọn ọmọ náà. Sancho, ìránṣẹ́ bàbá wa, ni. Ìyá mi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó jókòó tì wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn, tí wọ́n fẹ́ràn láti máa tẹnu mọ́. Mo gbà pé àwọn géèmù kan ń ka ẹ̀bùn. Nínú Stardew Valley, tí Eric Barone nìkan ṣe, tí ó sì jáde ní ọdún 2016, a óò máa fún ẹni tí ọkàn wa yàn ní nǹkan títí àmì ọkàn rẹ̀ yóò fi pé mẹ́wàá kí a tó lè gbé e níyàwó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé iṣu lọ sí ilé àna rẹ̀ ní ilẹ̀ Okun, ta ni yóò sọ pé iṣu ni ó fi ra ìyàwó? Nínú géèmù yẹn kan náà, bí a bá kọ ìyàwó sílẹ̀, kò ní gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wa mọ́.

Dragon Age: Origins, tí BioWare ti Kánádà ṣe ní ọdún 2009, ni ó sì yẹ kí ó parí àríyànjiyàn náà. Ẹ̀bùn wà níbẹ̀, a sì lè fún Alistair, ọkùnrin kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, ní gbogbo rẹ̀, kí ó fẹ́ràn wa débi tí ìfẹ́ dé. Síbẹ̀, bí a bá fi í jẹ ọba, tí obìnrin tí a jẹ́ kò sì ti ìdílé ọlọ́lá ènìyàn wá, ó lè fi wá sílẹ̀, nítorí pé ọba gbọ́dọ̀ ní àrólé, iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe sì ti mú kí ó ṣòro gidigidi fún wọn láti jọ bímọ. Àwa tí a mọ ohun tí oyè ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ́, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Nínú The Witcher 3, tí CD Projekt Red ti Pólándì gbé jáde ní ọdún 2015, bí Geralt, ọkùnrin tí a ń darí, bá sọ fún obìnrin méjì, Triss àti Yennefer, pé òun fẹ́ràn wọn, àwọn méjèèjì yóò pè é sí yàrá kan, wọn yóò dè é mọ́ ibùsùn, wọn yóò sì bá tiwọn lọ, yóò sì dá wà títí ìtàn yóò fi parí. Yennefer yìí kan náà ni ó wá ẹ̀mí àìrí kan láti tú idán tí ó so òun àti Geralt pọ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá ìfẹ́ wọn yóò ṣẹ́kù bí idán náà bá lọ. Àti nínú Baldur's Gate 3 ti ọdún 2023, Astarion, ọkùnrin kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, jẹ́wọ́ pé nítorí ààbò ni òun ṣe kọ́kọ́ fa ojú wa mọ́ra, ìgbà tí a bá sì gbà láti má fi ibùsùn ṣe òṣùwọ̀n ni ìfẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ibo ni bọ́tìnì tí ń mú obìnrin wá wà nínú gbogbo èyí?

Mẹ́ta tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí, àgbàlagbà ni wọ́n ṣe wọ́n fún, kí òbí má sì gbé wọn fún ọmọ kékeré. Ẹni tí ó bá ní fóònù tí ó dára lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dragon Quest V. Ẹni tí ó bá ní PlayStation 2 àtijọ́ nílé, tàbí kọ̀ǹpútà, kí ó wá Final Fantasy X, kí ó rí i pé òun ní memory card bí ó bá jẹ́ PlayStation 2 ni, nítorí láìsí i, kò ní lè fi ibi tí ó dé pamọ́, bí wọ́n bá sì mú iná lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òpin rẹ̀ fún un ju ohun tí mo ti sọ níhìn-ín lọ.