Àyẹ̀wò tí wọ́n fò kì í ṣe ìjò

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp, pé ríákítọ̀ (ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń la ọkàn átọ́ọ̀mù) yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà ti jò nítorí pé wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò lásìkò, ó lọ́wọ́ àbùmọ́ nínú.

Kéèyàn fo àyẹ̀wò, kó ṣi ìlànà ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ni, kò sì ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àmọ́ kí ìtànṣán olóró jò jáde síta láti inú ríákítọ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ìròyìn àjọ NRC, tó ń ṣàbójútó ríákítọ̀ l'Amẹ́ríkà, wà lórí ìkànnì wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo ìpele ẹ̀sùn níbẹ̀: 1 ló wúwo jù, 4 ló kéré jù.

Ẹ̀rọ yunifásítì Ifẹ̀ tẹ́ ẹ fà mọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe ríákítọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ti èérún átọ́ọ̀mù sáré ni. Zaria ni ríákítọ̀ yunifásítì tiwa wà, agbára rẹ̀ kàn lé díẹ̀ ní kílówáàtì 30 ni.