Sílípáàsì rọ́bà kò lè gbà yín lọ́wọ́ iná tó wọnú omi

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, wọ́n ń pín ọ̀rọ̀ kan káàkiri lórí WhatsApp pé bí ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná nílé bá ń jò, tí iná inú omi rẹ̀ sì ń gbé èèyàn, kí ẹ wọ sílípáàsì rọ́bà, kí ẹ máa wẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Agbára iná ilé wa tó 230 fóòtì (volt). Sílípáàsì tó ti rin gbingbin kò lè dá a dúró. Bí ẹ bá sì di ẹnu ẹ̀rọ onírin mú, iná lè gba ọwọ́ wọlé, kó gba àyà kọjá. Ọkàn ló ń bà jẹ́.

Mo rí irú ẹ̀rọ omi gbóná bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n tú nílé aládùúgbò wa ní Agric. Irin tó ń mú omi gbóná ti là nídìí, ìpẹtà bò ó, omi sì ti wọ ibi tí wáyà wà. Kò sí bàtà tó ń tún ìyẹn ṣe.

Ẹ pa iná ẹ̀rọ náà láti búrékà, kì í ṣe suwíìṣì ara ògiri nìkan. Bí omi bá wà nídìí búrékà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe oníṣẹ́ iná. Lẹ́yìn náà, ẹ ti omi tó ń wọnú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má rò pé ewu ti tán: iná lè dé nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lójú yín.

Kí oníṣẹ́ iná wo wáyà ilẹ̀ (earth), èyí tó ní àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọn ò so ó mọ́ nǹkan kan rárá.