Irọ́ ni pé forklift oníbátìrì kò wúlò n'Íbàdàn
Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ilé ìkẹ́rù ní Olúyọ̀lé gbà pé forklift (ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè) tó ń lo dísẹ̀lì nìkan ló lè ṣiṣẹ́ níbi tí NEPA ti ń múná lọ bó ṣe wù wọ́n, àti pé oníbátìrì kò lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ti agbára kò gba àríyànjiyàn. Ẹ wo àwo irin kékeré tó wà lára ọkọ̀ náà: bí wọ́n bá kọ kílò 2,500 sí i, kílò 2,500 náà ni yóò gbé, ì báà jẹ́ epo ló ń mu, ì báà jẹ́ bátìrì ló ń lò.

Ọ̀rọ̀ iná ló yẹ ká tú wò. Ìgbà tí forklift bá ń ṣiṣẹ́ kọ́ ló nílò NEPA, ìgbà tó bá dúró ni. Bátìrì onásíìdì ń gba nǹkan bíi wákàtí 8 kó tó kún. Ẹni tó wà ní Band A, ìyẹn ìpele àwọn tó ń rí iná jù, yẹ kó máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, Band B wákàtí 16. Bí iná bá lọ lóru, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ parí rẹ̀. Bátìrì fóltì 48, 600Ah, tẹ́ ẹ lò títí tó fi ku ìdá 20 nínú 100, máa jẹ yúnítì bíi 30 lórí mítà.

Ohun tó ń pa bátìrì gan-an ni ṣáàjì díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á ki wáyà bọ̀ ọ́ fún wákàtí kan, iná á lọ, wọ́n á gbé e ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan funfun á wá le mọ́ àwọn irin inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná tó mọ́. Òmíràn ni omi. Omi bátìrì nìkan ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe omi kànga. Ẹ jẹ́ kó gba iná kún tán kẹ́ ẹ tó bu omi sí i, torí ásíìdì inú rẹ̀ máa ń wú sókè bó bá ń gba iná. Bẹ́ ẹ bá ti rọ ọ́ kún ṣáájú, á ṣàn jáde, á sì jẹ àpótí rẹ̀. Àfi bí irin inú rẹ̀ bá ti yọ sórí omi: ẹ bu ìwọ̀nba tó máa bò ó.

Bátìrì lithium kò nílò omi, ẹ sì lè ki wáyà bọ̀ ọ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán láìsí wàhálà. Àmọ́ ó wọ́n, ó sì fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ìwúwo bátìrì wà lára ohun tó ń tẹ ẹ̀yìn forklift mọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi rọ́pò onásíìdì, ẹ fi irin dí ìwọ̀n tó dín, kó má bàa dojú dé.

Níta, nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ àti ilẹ̀ gbágungbàgun, dísẹ̀lì ṣì ni ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tàn án nínú ilé tí wọ́n tì pa. Forklift onígáàsì náà ń tú carbon monoxide jáde: kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn.