Orí Òkè Pọ̀ ní Àgbádárìgì, Òkè Nìkan Ni Kò Sí

Ẹni tó bá mọ Àgbádárìgì mọ̀ pé omi ni, iyanrìn ni, igi àgbọn ni. Ọ̀sà wà níwájú, òkun wà lẹ́yìn, ilẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ fún àlejò. Ẹni tó bá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì ti ga ju gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá síbẹ̀ lọ, àfi igi àgbọn nìkan. Síbẹ̀, ẹ wo pátákó ẹ̀bá títì láti Agbára dé Sẹ̀mẹ̀: orí òkè àdúrà tibí, orí òkè àdúrà tọ̀hún. Ẹ bá yà wọlé, páànù mélòó kan lórí òpó igi lẹ máa bá, àga ọ̀rá tí wọ́n tò jọ, kànga kan, àti iyanrìn tó tẹ́jú débi pé bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sílẹ̀, ibi tó bọ́ sí náà ló máa wà. Wọ́n á ní kí ẹ bọ́ bàtà, orí òkè lẹ wà.

Èmi ò bá òkè jà. Ẹni tí ebi Ọlọ́run ń pa lóòótọ́ lè rí I nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wíwá ojú Ọlọ́run ti di aṣọ ẹbí: ẹni tí kò bá rà á lọ́dún yìí, wọ́n á bi í pé ṣé kò sí ní ìlú ni.

Oṣù kìíní ọdún ni ọjà ọ̀hún máa ń yá jù. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún ló gbòde. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti rí iye ọjọ́ náà, wọ́n á ní ti Dáníẹ́lì ni. Òótọ́ ni, orí kẹwàá ìwé Dáníẹ́lì sọ pé ó ṣọ̀fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e. Oúnjẹ dídùn ni Dáníẹ́lì kò jẹ, ẹran àti wáìnì ni kò fi kan ẹnu, òróró ni kò fi para. Aago mẹ́fà kò sí níbẹ̀ rárá. Ọkùnrin náà jẹun. Oúnjẹ tí kò dùn ló jẹ. Tiwa ti yàtọ̀. Láti mẹ́fà àárọ̀ dé mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, itọ́ lásán la fi ń tan ara wa, tó bá wá di mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú kan, oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́ á pàdé nínú abọ́ kan ṣoṣo. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òkèlè tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà yìí, kò sẹ́ni tó lè kà á. Dáníẹ́lì sá fún oúnjẹ dídùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ gbààwẹ̀ ní Àgbádárìgì kì í ṣínu níbi tí kò bá ti sí ẹja tútù. (Kí n má purọ́, ẹja Àgbádárìgì dùn.)

Àwọn tó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ á ní ti Ẹ́sítérì làwọn ń gbà: ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, tọ̀sán tòru. Ẹ́sítérì yẹn o, wọ́n ti kọ̀wé pé kí wọ́n pa gbogbo ìran rẹ̀ run kó tó pe irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì yọjú sí ọba láìjẹ́ pé ọba pè é, ikú ló ń wá. Lónìí, nítorí físà ni wọ́n ṣe ń gbà á, tàbí nítorí pé aládùúgbò ra mọ́tò.

Ìlànà ààwẹ̀ ìgbàlódé kò le. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, kí ẹ tó ṣí ẹnu gbàdúrà rárá, ẹ gbé fóònù. Ẹ ṣí Bíbélì sílẹ̀. Sáàmù kejìlélógójì ló dára jù, nítorí àgbọ̀nrín tó ń mí hẹlẹ sí omi. Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ife sí i, kí ife náà ṣófo, kí ó sì hàn pé ó ṣófo. Ẹ ya fótò, ẹ kọ “Ọjọ́ 1 nínú 21” sí i, ẹ gbé e sórí WhatsApp. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wo iye ẹni tó ti wò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún wò ó. Àárín ìwò méjèèjì yìí ni àyè àdúrà wà. Tó bá di ọjọ́ kẹfà, ètè gbọ́dọ̀ ti hó. Ẹ má fi fasẹlíìnì kàn án. Lóòótọ́, Jésù ní kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ bọ́jú, kó fi òróró pa orí, kí èèyàn má bàa mọ̀; ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò tíì dé nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó yẹ kí fótò ibi tí ẹ ti kúnlẹ̀ tí ẹ dijú jáde. Wọ́n máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀rẹ́ tó bá yín yà á náà ń gbàdúrà o, ojú kan ló dì.

Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ wà jù ni bí wọ́n ṣe ń kọ oúnjẹ. Ọ̀gbẹ̀rì á kàn ní òun ti yó, ọ̀rọ̀ á tán. Ọ̀jáfáfá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ:

“Màmá, ẹ bá mi lọ́wọ́ ọ̀tún o.”

“Há, á gba ibi ire o, ọmọ mi.” Á wá mí kanlẹ̀, á fọwọ́ kan ikùn díẹ̀. “Mo wà lẹ́nu nǹkan ni.”

“Kí lẹ wà lẹ́nu ẹ̀, mà?”

“Ọ̀rọ̀ èmi àti Olúwa mi ni. Ẹ má jẹ́ n sọ ọ́.” Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. “Ó di ọjọ́ kẹtàlá lónìí. Gbígbẹ ni.”

Àwọn àgbà tó ń gbé inú aṣálẹ̀ Íjíbítì láyé ìjímìjí, tí wọ́n mọ ààwẹ̀ bí apẹja ṣe mọ ọ̀sà, ní àṣà kan: bí àlejò bá dé, wọ́n á ṣẹ́ ààwẹ̀, wọ́n á bá a jẹun. Wọ́n ní ààwẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn nígbàkúùgbà, àlejò ni yóò lọ. Ẹ wá wo tiwa, tí àlejò á ti Sẹ̀mẹ̀ dé pẹ̀lú ebi, tí onílé á fi omi tútù tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wá fi ìtàn ọjọ́ kẹtàlá ṣe ọbẹ̀ fún un.

Ìjà ààwẹ̀ àṣehàn yìí ti pẹ́ kí a tó bí wa. Àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ ní ìwé ìlànà kékeré kan, tó ní kí wọ́n má ṣe gbààwẹ̀ pẹ̀lú àwọn alágàbàgebè tó ń gbà á ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Kí tiwọn jẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n yí ọjọ́ padà. Alágàbàgebè gbọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó bá wọn lọ sí Ọjọ́rú. John Wesley, olórí àwọn Mẹ́tọ́díìsì, gba àwọn oníwàásù rẹ̀ níyànjú láti máa gba ààwẹ̀ Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì yìí, ìṣínu sì wà ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí ẹ bá lọ sọ aago mẹ́ta fún àwọn ará orí òkè wa, wọ́n á ní ìpápánu nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ara náà, nítorí àwọn tó ń kéde ààwẹ̀ kì í kéde èyí. Ẹnu tó ń rùn kì í ṣe àmì ẹ̀mí. Itọ́ ló gbẹ, ara sì ti ń jó ọ̀rá tó kó pamọ́, èéfín rẹ̀ ló ń gba ẹnu jáde. Orí fífọ́ ọjọ́ kejì kì í ṣe ogun ilé bàbá: omi ló dín lára, bí onítọ̀hún bá sì jẹ́ ẹni tí kì í fi ọjọ́ kan ṣíwọ́ obì tàbí tíì, ara ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, bó bá gún un tí kò jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ á wálẹ̀ kíákíá, á máa gbọ̀n, á máa làágùn, á sì ṣubú. Wọ́n á ní ẹ̀mí ló gbé e, wọ́n á máa kọrin lé e lórí, nígbà tó jẹ́ pé ṣúgà díẹ̀ lẹ́nu kí ó tó dákú ni ì bá gbà á.

Ìṣínu gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ara wọn léṣe jù. Ikùn tó ti sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta, omi lílọ́wọ́wọ́ ló ń fẹ́, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ife ògì ṣíṣàn kan, kí ẹ dúró tó ìdajì wákàtí kí ẹ tó bi ikùn bóyá ó tún fẹ́ sí i. Tàwọn kọ́: ẹ̀bà, ata tó ń jó ètè, mínírà tó tutù bíi yìnyín, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú á wá dí mọ́ wọn, wọ́n á ní ọ̀tá ló wá jà níkẹyìn. Ti ẹni tó lé ní ọjọ́ márùn-ún láìjẹ nǹkan kan tún wá léwu ju ìyẹn lọ, nítorí bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oúnjẹ bọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ọkàn á sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ló yẹ kírú wọn ti ṣínu. Ẹ ò lè rí ìyẹn lórí WhatsApp láéláé.

Ó ku ìrẹ̀lẹ̀, èkejì ebi. Wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá. Ẹ lọ wo bánà kan nítòsí ráńdàbáòtù: fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ojú ẹni tó pe ìsọ́-òru gba mẹ́fà. Àkọlé rẹ̀: “Ìránṣẹ́ Ọlọ́run tó kéré jù lọ”. Oyè ìránṣẹ́ kékeré náà gba ìlà mẹ́ta, àpọ́sítélì, wòlíì, dókítà, alábòójútó àgbà. Orúkọ Jésù wà níbẹ̀ o, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ẹni tó tẹ bánà.

Bẹ́nédíkì, tó kọ ìlànà fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, ka ìgbésẹ̀ ìrẹ̀lẹ̀ sí 12. Ìkeje níbẹ̀ ni pé kí èèyàn má fi ẹnu lásán sọ pé òun kéré ju gbogbo èèyàn lọ, kó gbà á gbọ́ lọ́kàn. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Nígbà tí alàgbà bá dìde ní ìpàdé tó ní, “Ta lèmi? Èmi eruku lásán,” kí ẹnì kan láti ẹ̀yìn dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó ti pẹ́ tá a ti ń fura.” Ẹ wo bí eruku ṣe máa dìde.

Ti ẹsẹ̀ wíwẹ̀ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ńkọ́? Jésù di aṣọ ìnura mọ́dìí, ó wẹ ẹsẹ̀ Júdásì pẹ̀lú tàwọn yòókù, láìkéde. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ nílé lẹ́ẹ̀mejì, ó fi òkúta ha gìgísẹ̀, ó kun èékánná. Omi inú bàsíà ti lọ́ wọ́rọ́, wọ́n kán lọ́fínńdà sí i. Bí bàbá bá wẹ̀ ẹ́ tán, oní-kámẹ́rà lè ní iná kò mú un dáadáa, ni wọ́n á bá ki ẹsẹ̀ mímọ́ padà sínú omi mímọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ dídọ̀tí kan ò sí níbẹ̀. Àwọn apẹja wà ní etí ọ̀sà, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn, kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

Ó sì jẹ́ ìlú yìí kan náà ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ọmọ adúláwọ̀ àti obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni, ọgbà ló ń tọ́jú kó tó di oníwàásù. Abẹ́ igi Àgíà ló ti wàásù. Igi náà wó ní ọdún 1959, ọwọ̀n ìrántí ló rọ́pò rẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ ìjọ ń dé síbẹ̀ báyìí pẹ̀lú aṣọ àjọwọ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀ níwájú ọwọ̀n náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ jù, ẹ má rò pé ẹ̀mí ni. Ojú rẹ̀ ò yọ nínú fótò àkọ́kọ́ ni. Láti ibẹ̀ wọ́n á lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó wà ní Marina, tó parí ní 1845, níbi tí Àjàyí Crowther ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Odindi Bíbélì Yorùbá kò jáde títí di 1884. Iṣẹ́ ogójì ọdún ó dín díẹ̀. Àwọn tiwa fẹ́ gbọ́ ohùn Ọlọ́run kí dátà tó tán.

Ọmọ Ẹ̀gùn mọ Zangbeto, eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru, dáadáa. Bí òrùlé àhéré ni wọ́n ṣe hun ún, á máa yí bírí láàárín agbo. Nígbà tí ojú bá ti kún ibẹ̀, wọ́n á gbé e ṣubú kí gbogbo ayé wò ó: kò séèyàn nínú rẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ orí bánà, ẹ má dán an wò pé ẹ fẹ́ gbé e ṣubú bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bá èèyàn nínú rẹ̀, ó kún dẹ́nu, ara rẹ̀ nìkan ni.

Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ebi tó wà lóde yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ló kù tó ń wọlé.

Àṣà tuntun ọdún yìí ló wá dé ògóńgó. Àwọn kan rí i pé ìkéde ti pọ̀ jù, wọ́n sì ti pinnu pé ààwẹ̀ ìkọ̀kọ̀ làwọn máa gbà, bí Olúwa ṣe wí. Ìgbìmọ̀ ti jókòó lé e lórí. Aṣọ polo funfun ni, wọ́n kọ “Ààwẹ̀ Ìkọ̀kọ̀” sí àyà, wọ́n kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí sí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ tiẹ̀, kó tètè fi ìwọ̀n ọrùn ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé ti àwọn sísanra ló kọ́kọ́ máa ń tán.