Ẹni Tí Bírò Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀ Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Dá Lẹ́kọ̀ọ́

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Olùkọ́ ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé bọ̀ títí tó fi dé ibi tó ta kókó. Ló bá gbé Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yà sí Yorùbá, ó fi òwe kan gbè é lẹ́sẹ̀, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ọmọ ìpínlẹ̀ Benue ni. Ó wo ojú ẹni tó wà lọ́tùn-ún, ó wo ti ẹni tó wà lósì, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tí ọ̀gá sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Má da ara ẹ láàmú, àwàdà lásán ni." Kì í ṣe àwàdà lásán. Àlàyé ibi tó ta kókó yẹn ni, inú rẹ̀ sì ni ìbéèrè ìdánwò ti jáde.

A ò ní dárúkọ yunifásítì tó ti ṣẹlẹ̀, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó mú wa sọ ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń bá ẹni tí àṣà rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa lò, àti bí a ṣe ń gba gbogbo ènìyàn mọ́ra, ti wọ àárín àwọn yunifásítì. Àwọn kan ní kí wọ́n máa ṣe é fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé. Èrò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì tètè ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: olùkọ́ tó ń fúnni ní máàkì, akọ̀wé tó ń gba fọ́ọ̀mù, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, alábòójútó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní tí àyà rẹ̀ ń já lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé àpótí sọ̀kalẹ̀ ní Adó-Èkìtì kọ́ ló ń ni ẹnikẹ́ni lára.

Kí ló tiẹ̀ kó àwọn ọmọ tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá dé ọ̀dọ̀ wa? Èkìtì kò ní ju ìjọba ìbílẹ̀ 16 lọ, síbẹ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ wà ní Adó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ti ìjọba àpapọ̀ wà l'Ọ́yẹ́ láti 2011, ti Afẹ́ Babalọlá wà ní Adó bákan náà, èyí tó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì wà ní Ìkéré. Ìlànà ìgbaniwọlé ìjọba àpapọ̀ ní kí yunifásítì rẹ̀ fi ìpín 45 nínú 100 gba ẹni tó bá yege jù láti ibikíbi, kí ó fi 35 gba àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí i ká, kí 20 tó kù sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀. Ẹni tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè wá kì í ṣe àjèjì tó ṣìnà. Abala 42 nínú ìwé òfin ọdún 1999 náà sì sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ torí ẹ̀yà, ìlú abínibí, ẹ̀sìn, tàbí pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà.

Inú ilé ìwòsàn ni ọ̀kan lára orísun ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wà. Madeleine Leininger, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà, lọ gbé láàárín àwọn Gadsup ní Papua New Guinea ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì padà wá fi ìdí ẹ̀ka ìmọ̀ kan múlẹ̀ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé àṣà aláìsàn jẹ́ ara ìtọ́jú rẹ̀. Kò ṣòro fún wa láti mọ ohun tó ń sọ. Ká ní ìyá àgbà kan dé iwájú dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá, tí màmá ní, "Àyà mi ń já," tí ẹni tó ń túmọ̀ sì sọ fún dókítà pé àyà ló ń dùn wọ́n. Jíjá àyà ọ̀tọ̀, dídùn àyà ọ̀tọ̀, oògùn wọn ò sì papọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àlejò nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí ń ṣe lóore. Ìyá tiwa náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá kọ́ ọ dáadáa, ó lè ba nǹkan jẹ́ ju àìmọ̀ lọ. Ní 1998, àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Melanie Tervalon àti Jann Murray-García, kọ ìtàn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kan tó ń tọ́jú obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, obìnrin tí ìran rẹ̀ ti Látìn Amẹ́ríkà wá. Obìnrin náà ń kérora. Dókítà kan tí òun náà jẹ́ ọmọ ìran yẹn ní ó dà bíi pé ara ń ro obìnrin yìí gan-an. Nọ́ọ̀sì ní rárá, pé wọ́n ti kọ́ òun nílé-ìwé pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa ń ké ju bí ó ṣe ń dùn wọ́n lọ. Ó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an ló di í létí.

Nítorí náà, bí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbéra wá sí Adó tó ní òun fẹ́ sọ fún wa pé báyìí ni ọmọ Íbò ṣe rí, báyìí ni Hausa ṣe ń ṣe, báyìí ni Ebira ṣe ń bínú, kí ó máa padà lọ. A ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yẹn tipẹ́ láìsanwó. Òun ló ń jẹ́ ká máa pe gbogbo ẹni tó bá ti Benue wá ní Àgàtú, ìbáà ṣe Tiv, ìbáà ṣe Igede. Àwọn tó ń jẹ́ Àgàtú wà lóòótọ́, wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n ní èdè, ṣùgbọ́n lẹ́nu tiwa, orúkọ wọn ti di orúkọ lébìrà oko. Ọmọ Tiv tó wá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ ra búrẹ́dì.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé Èkìtì ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ni nínú wa tí wọn kò tíì fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó? Ọmọ Èkìtì dé ilé-ìwé níbẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ulé, ó ní òun fẹ́ ra uṣu, gbogbo yàrá fi ẹ̀rín bò ó. Títí tó fi gboyè jáde, ará òkè ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti ìtorí ẹ̀rín yẹn pa ohùn ìyá wọn tì, wọn ò sì fi bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ títí di òní. A mọ bó ṣe ń ta ni lára. Ìtìjú ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún máa fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn àgbà kan yóò ní, ilẹ̀ Yorùbá nìyí, ẹni tó bá wọ ìlú, kí ó gbọ́ èdè ìlú. A fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ìwé ìròyìn Yorùbá ni wá, kò sí ohun tó wù wá ju kí gbogbo ẹni tó bá gbé Èkìtì fún ọdún mẹ́rin gbọ́ èdè wa lọ. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn? Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ èdè Yorùbá wà nínú àwọn yunifásítì wọ̀nyí, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Kí wọ́n dá kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹnikẹ́ni tí kò gbọ́ Yorùbá, olùkọ́ tó ti òkèèrè wá náà. Kí wọ́n kọ́ wọn ní Yorùbá ọjà, Yorùbá ọlọ́kadà, ìkíni àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Kí wọ́n sọ fún wọn ìdí tí ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fi ń kúnlẹ̀, àti ìdí tí ọmọdé kì í fi í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà. Títí wọn yóò fi gbọ́ ọ, kí olùkọ́ tó bá yà sí Yorùbá yà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kó tún ohun tó sọ sọ. Kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Kí olùkọ́ náà sì mọ̀ pé ọmọ tó na ọwọ́ sí òun kò rí òun fín. Wọ́n kọ́ ọ nílé wọn pé bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ nìyẹn. A ti rí ọmọ tí wọ́n fi irú èyí sọ ní orúkọ aláfojúdi ní ọdún kìn-ín-ní, tí orúkọ náà ń tẹ̀ lé e láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn títí tó fi ṣe tán. Àwọn baba wa ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ẹni tó máa fi èkùrọ́ lọ òkété gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ béèrè ohun tí òkété ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì parí sórí ẹ̀yà. Ọmọbìnrin kan ń fi ọ̀pá méjì rìn. Àjà kẹta ni kíláàsì aago mẹ́jọ rẹ̀ wà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bá a gbé báàgì, òun á máa fi ọ̀pá tẹ àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, á dúró mí, á tún tẹ òmíràn. Nígbà tó máa fi débẹ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, nítorí òfin olùkọ́ ni pé ẹni tó bá pẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ìwé lé orúnkún, ohun tó bá gbọ́ láti ojú fèrèsé ló ń kọ. Yàrá tó ṣófo wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó rò ó pé kí wọ́n gbé kíláàsì sọ̀kalẹ̀.

Òfin tó ka ìfìyàjẹ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ilé-ìwé àwọn adití wà ní Ìkọ̀rọ̀-Èkìtì níbí, ti àwọn afọ́jú wà ní Ìkéré. Ọmọ tó bá yege níbẹ̀, níbo ni kí ó gbà lọ bí kò bá sí ẹnì kan nínú yunifásítì tó gbọ́ èdè àfọwọ́sọ? Wọn yóò ní owó kò sí. A mọ̀ pé owó kò sí, gbogbo wa la rí oṣù mẹ́jọ tí ASUU fi dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022. Gbígbé kíláàsì láti òkè wá sísàlẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n má fi ìdánwò sí àkókò Jímọ̀ náà kò gba kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni bíbi akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ kí a tó kígbe rẹ̀ níwájú ènìyàn.

Ohun tí a kò fẹ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì: báàgì, bírò, ráìsì nínú páálí, sátífíkéètì, ó parí. Frank Dobbin àti Alexandra Kalev, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, yẹ àwọn ilé iṣẹ́ tó lé ní 800 wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi túláàsì mú ènìyàn lọ kì í sábà sọ obìnrin àti aláwọ̀ dúdú di ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ìgbà mìíràn, ńṣe ni wọ́n ń dín kù. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni kí ọ̀gá kan mú ẹnì kan mọ́ra, kó máa tọ́ ọ sọ́nà, kí ẹnì kan sì wà tí wọ́n á bi léèrè bí nǹkan ò bá yí padà.

Èyí ni ká ṣe ní Èkìtì. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mẹ́ta tó ti ọ̀nà jíjìn wá, kó mọ ilé tí wọ́n ń gbé, kó mọ èdè tí ìyá wọn ń sọ, kó máa rí wọn lóṣooṣù títí sáà yóò fi parí. Kí ibi tí wọn yóò ti gba ẹ̀sùn má sí lábẹ́ ẹ̀ka tí ẹ̀sùn náà ti wá, kí ọmọ má baà máa fẹjọ́ ọ̀gá sun ọ̀rẹ́ ọ̀gá. Kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì sì máa gbé e jáde lọ́dọọdún, iye ẹ̀sùn tó wọlé àti ohun tí wọ́n ṣe sí i, kí gbogbo ìlú rí i.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí sáà tuntun tó wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí gíwá fúnra rẹ̀ jókòó síwájú, pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́, kó má sì dìde lọ nígbà tí wọ́n bá ka ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ tán.