Fóònù ọmọ mi wà nínú agolo gààrí: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Kàbà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará wa. Lálẹ́ àná, mo dìde lọ mu omi, mo sì rí iná fóònù lábẹ́ aṣọ ìbora ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló ń bá a sọ̀rọ̀ lórí Facebook, tí ó sì ń bẹ̀ ẹ́ kí ó fi àwòrán tí kò yẹ ọmọlúàbí ránṣẹ́. Kò tíì fi ránṣẹ́. Mo gba fóònù náà, mo sì fi í pamọ́ sínú agolo gààrí. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ kí ó máa fi ọgbọ́n lò ó?

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí yóò fi jáde ilé ìwé girama, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Tísà Ìsánlú: Ẹ má bínú, Bàbá. Ìbẹ̀rù pé òbí yóò gba fóònù yìí gan-an ni àwọn ẹni ibi fi ń mú ọmọ. Wọn á ní, "Tí o bá sọ fún màmá rẹ, ó parí nìyẹn," ọmọ á sì dákẹ́.

Ọmọ Mọ̀pà: Ọdún 13 ni Facebook fi àyè sílẹ̀ fún, nítorí náà ọmọ náà kò ṣẹ̀ sí òfin wọn.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Ọsirélíà ti fòfin de ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kúrò lórí Facebook àti irú rẹ̀ láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Ṣé àwọn yẹn kò gbọ́n ni?

Ọmọ Mọ̀pà: Àwọn ilé iṣẹ́ ni òfin yẹn dè, sà, kì í ṣe ọmọ tàbí òbí. Owó ìtanràn wọn lè tó mílíọ̀nù 49.5 dọ́là owó ibẹ̀. WhatsApp kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀.

Oníṣòwò Ìyàrá: Ní abúlé tiwa, àfi kí a gun orí àpáta kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ́ ọmọ rẹ̀, kí ó gbé àga lọ síbẹ̀.

Màmá Ògìdì: Ẹ má fi ṣe ẹ̀rín o. Orí àpáta yẹn ni àwọn ọmọ ń wà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí àgbàlagbà kankan kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Mo tún ń sọ ọ́: Ẹ GBA FÓÒNÙ NÁÀ!

Ọmọ Mọ̀pà: Bàbá, wọ́n ti gbà á láti àná. Ẹ kò ka ohun tí wọ́n kọ.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Èmi ni ọmọ àná ń sọ fún pé n kò kàwé? Ta ni bàbá rẹ ní Mọ̀pà?

Ọmọ Mọ̀pà: Ẹ dákun, sà, n kò bú yín. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni mo sọ.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Dárúkọ bàbá rẹ kí n mọ ẹni tí kò kọ́ ọ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Tísà Ìsánlú: Ìyá Kàbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ ọkùnrin náà rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù pamọ́, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun Facebook, lẹ́yìn náà kí ẹ dí ọ̀nà mọ́ ọn (block). Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé àwòrán kan ti jáde, ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún ọmọ tí kò tíì pé 18 tí a ń pè ní Take It Down. Àmì ìdánimọ̀ àwòrán nìkan ni ó ń fún Facebook àti Instagram, kí wọ́n lè fi wá a kí wọ́n sì yọ ọ́. Àwòrán náà fúnra rẹ̀ kò ní jáde kúrò nínú fóònù yín lọ sọ́dọ̀ wọn.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Ọmọ Mọ̀pà, mo ṣì ń dúró dè ọ́.

Ìyá Kàbà: Ẹ ṣé, Tísà. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú agolo, gààrí sì ti wọ ihò ṣájà rẹ̀. Ọmọ mi jókòó tì mí báyìí, a jọ ń ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí òun ti fẹ́ sọ fún mi, ṣùgbọ́n òun rò pé màá lu òun.